Ọba Inú Ìwé

Bí ẹnìkan bá ṣe àṣìṣe tí ojú ń tì í, a máa ń rọ̀ ọ́ pé kó fọkàn balẹ̀: òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe ìrésà. Òwe náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ pa á, kí ló sì rí kó tó pa á? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Agọ́-Ìdẹ̀ra nìyí, níbi tí wọn kì í ti í fi òwe yìí tu ènìyàn nínú nìkan.

Ogun ló kó àwọn ará Agọ́-Ìdẹ̀ra jọ. Ilé mẹ́sàn-án ni wọ́n, ìlú mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti sá wá. Ìkùukùu bo odò láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀. Wọn kò rí òdìkejì, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni ayé parí sí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, “Ibi tí ojú mi ò ti rí iwájú mọ́ yìí, mo délé.” Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n sì jọ mulẹ̀ pé àwọn kò ní fi ẹnikẹ́ni jọba, nítorí ọba ló kó ogun bá àwọn. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa rán ẹnìkan wá sórí àpáta etí odò, ọ̀rọ̀ kò sì ní parí títí ẹni kẹsàn-án yóò fi sọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ẹjọ́ máa ń pẹ́ lórí àpáta náà o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í gbé ìbínú relé.

Nígbà tí òyìnbó gba ilẹ̀ náà, Ajẹ́lẹ̀ kan ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba ara wọn sínú ìwé. Àárín ọyẹ́ ló dé Agọ́-Ìdẹ̀ra. Eruku funfun bo gbogbo ayé lọ́jọ́ náà. Oòrùn dà bí òṣùpá, igi dà bí òjìji igi. Ibà ń ṣe Ajẹ́lẹ̀. Ó gbé lẹ́ẹ̀dì lé ìwé, ó ní kí Ṣádírákì, ògbufọ̀ rẹ̀, bi wọ́n pé, “Ta ni ọba yín?”

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn kan bá ti inú ọyẹ́ jáde: “Èmi ni.”

Oyètádé ni, àbúrò Àwẹ̀ró. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé baba ńlá rẹ̀ dé adé ní ìlú tí ogun run, adé náà sì máa ń wá bá a lójú àlá, á máa fò lókè orí rẹ̀ bí ẹyẹ tí kò rí ibi bà sí. Àwọn tó kù kò bá a jiyàn. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ti di òfin rí? Ajẹ́lẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ó gun ẹṣin lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìránṣẹ́ Ajẹ́lẹ̀ dé: láti ọjọ́ náà lọ, iwájú ilé Oyètádé ni kí wọ́n ti máa dá ẹjọ́. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ìwé náà yóò lọ sí Èkó, wọn yóò fi tàdáwà kọ ọ́, ó di títí láé. Oyètádé bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ etí odò, ó lé opó tó ń dáko níbẹ̀. Opó náà gun orí àpáta lọ, kò bá ẹnì kankan. Ó jókòó, ó ń ro ẹjọ́ rẹ̀ fún omi.

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó kọrí sílé àbúrò rẹ̀.

“Oyètádé, ṣé oorun ti dá lójú rẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti wọnú ìwé. Ohun tí òyìnbó bá kọ, ta ló lè pa á rẹ́?” Kò fi ìgbéraga sọ ọ́, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ìlẹ̀kùn tì mọ́ inú yàrá.

“Ọwọ́ tó ń kọ nǹkan a máa ṣì í kọ. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ń ṣì, yóò ti wá nǹkan ṣe sí i. Dìde, ká lọ bi í.”

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn. Ọyẹ́ nípọn débi pé ohùn nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn jọ wà lọ́nà. Ní ọjọ́ kejì, Oyètádé ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àlá náà dùn o.”

“Mo mọ̀,” ni Àwẹ̀ró wí. “Máa bọ̀.”

Nígbà tí Ṣádírákì gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá, a kì í sọ fún Ajẹ́lẹ̀ pé wọ́n ṣì í kọ.”

“Òun kọ́ ló ṣì í. Jẹ́ kí ẹni tó ṣì í sọ ọ́.”

Oyètádé dọ̀bálẹ̀ níwájú Ajẹ́lẹ̀. “Èmi kọ́ ni ọba wọn. A ò ní ọba. Ẹni mẹ́sàn-án ló ń tún ìlú wa ṣe. N ò mọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu.” Omijé ń bọ́ sínú erùpẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ ṣí àpótí, ó mú nǹkan rírọ̀ kan tí kò tó ìka ọwọ́, ó fi ń ra orúkọ náà lórí ìwé títí ọba fi pòórá, ó sì fẹ́ ẹ dànù bí ẹni ń fẹ́ eérú. Ṣádírákì ní ìrésà ni wọ́n ń pè é. Ó ní òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe é. Àwẹ̀ró wá ń ka orúkọ ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, Ajẹ́lẹ̀ ń kọ wọ́n.

Oyètádé ti ń dúpẹ́. Àwẹ̀ró kò dìde, ó kọjú sí Ṣádírákì.

“Ṣé lẹ́ẹ̀dì yìí náà ló fi kọ tiwa?”

“Òun ni, Ìyá.”

“Bá mi sọ fún un kó fún mi ní ìrésà yẹn.”

Ṣádírákì rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní púpọ̀ nínú àpótí, Ìyá.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé a mọ̀.”

Nígbà tí Ajẹ́lẹ̀ gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fa ìgò tàdáwà sún mọ́ra, ó sì fi tàdáwà tún orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án náà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló fi ìrésà lé obìnrin náà lọ́wọ́. Àwẹ̀ró mú un délé, òun ló sì kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Ṣádírákì di òwe.

Nítorí náà, bí ará Agọ́-Ìdẹ̀ra bá pa òwe yìí fún ẹni tó ṣàṣìṣe, ìtùnú ni. Bó bá pa á fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìlérí fún, ohun tó ń sọ ni pé kó béèrè tàdáwà: òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe ìrésà.