Ìdí tí Ẹ̀rọ Ìfọbọ́ fi ń Pa Ẹnu Dé Ṣiṣẹ́

Nígbà láéláé, kì í ṣe láéláé ti àwọn baba ńlá wa o, láéláé ti ilé ìdáná ni mo ń wí, ẹ̀rọ ìfọbọ́ kì í pa ẹnu dé ṣiṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ a ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ bi kànìnkànìn, ojú rẹ̀ ló ṣe.

Omi ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òun àti Ẹ̀rọ ti bá ara wọn ṣàdéhùn pé bí omi bá ta sókè, inú ni yóò padà sí. Omi sì ń pa àdéhùn náà mọ́, ẹ̀kán kan kì í já bọ́ sílẹ̀. Rọ́bà tó yẹ kó yí ẹnu Ẹ̀rọ ká ṣì wà nínú ọ̀rá, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò ríṣẹ́ ṣe.

Nígbà tí ẹnu Ẹ̀rọ kì í dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kì í tán. Bó ti ń fọ abọ́ ló ń fọ́nnu. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ilé Mosúnmọ́lá, ní Òṣogbo, ni Ẹ̀rọ yìí wà. Torí ìyá rẹ̀ ló ṣe rà á. Ìyá Ìpetu là ń pe màmá náà, torí Ìpetumodù ló ti wá, ogójì ọdún ló sì fi mọ ìkòkò níbẹ̀. Amọ̀ tútù ti jẹ ẹ́ níka. Bí omi tútù bá kan ọwọ́ rẹ̀ báyìí, oríkèé ìka rẹ̀ a wú, kò sì ní lè di ṣíbí mú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀, kì í lè rí abọ́ ẹlẹ́gbin kó má fọ̀ ọ́. Bí Ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ màmá gbé.

Lọ́jọ́ kan, Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kan nílé ìdáná yìí, tí wọ́n kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì bí ẹni tó ń retí ogún. Kànìnkànìn mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ọjọ́ wo la rí ìfófó ọṣẹ lẹ́nu ẹ? Ọṣẹ tí kò hó, ta ló máa gbà pé ó fọ nǹkan?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Ẹ̀rọ lára. Òótọ́ ni. Ọṣẹ tirẹ̀, èyí tó bá a wá láti ọjà, kì í hó. Abọ́ kàn ń mọ́ ni.

Ojú tì í, ojú sì lè ti èèyàn débi tí á ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Nígbà tí Ìyá Ìpetu wá kó abọ́ oúnjẹ àárọ̀ sí i nínú, Ẹ̀rọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọṣẹ tó ń hó. Ta ló tún wá bẹ̀? Ẹni tí nǹkan náà ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Màmá ní ó ti ń ṣe òun bíi pé omi lásán ni wọ́n fi ń ṣan abọ́ fún òun. Mosúnmọ́lá, tó ti kìlọ̀ fún un pé ọṣẹ tó bá Ẹ̀rọ wá nìkan ni kó máa lò, ò sí nílé. Màmá bu ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń fọṣọ, ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó dà á sínú Ẹ̀rọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ẹ̀kúnwọ́ kẹta sí i.

Ẹ gbà mí o.

Ọṣẹ kọ́kọ́ hó díẹ̀. Inú Ẹ̀rọ dùn, ó ní kí Kànìnkànìn wá wòran. Ọṣẹ hó dé abọ́ ìsàlẹ̀. Ó hó dé ti òkè. Omi fẹ́ padà sínú bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn, ṣùgbọ́n kò sáyè nínú mọ́. Ni ìfófó bá rọra yọrí lẹ́nu Ẹ̀rọ, ó wo ilẹ̀, ó bẹ́ sílẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn tẹ̀ lé e. Ó bo ẹsẹ̀ tábìlì, ó bo bàtà màmá, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá sí pálọ̀.

Ẹnu ya Ìyá Ìpetu. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí ohun tó ń hó báyìí láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó jókòó pàì sínú ìfófó, ìfófó sì mù ún dé ọrùn. Ibẹ̀ ni Mosúnmọ́lá wọlé bá a. Orí ìyá rẹ̀ nìkan ló rí.

Jìnnìjìnnì bo ọmọ náà. Ó fa màmá dìde, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀. A dúpẹ́, egungun kankan ò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó bínú sí Ẹ̀rọ gidigidi. Ó ní ẹ̀rọ tó ń jò, tó fẹ́ pa ìyá òun, kò ní fọ nǹkan nílé yìí mọ́. Tó bá di ọ̀la, òun á já omi kúrò lẹ́yìn rẹ̀, òun á sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí.

Àyà Ẹ̀rọ já. Kí òun máa gbé abọ́ tí Kànìnkànìn fọ̀? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru gbogbo èèyàn. Ó ní páìpù ẹ̀yìn òun ló jò. Ó ní ilẹ̀ ló dagun. Ó ní Omi ló dalẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ìyá Ìpetu ń wò, torí ó mọ ohun tí omi síǹkì máa ṣe fún ọwọ́ náà lọ́la.

"Mosún," ó ní, "a ò lè sọ ìkòkò nù láì mọ ibi tó ti ń jò. Bá mi wá eérú."

Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bó bá fura sí ìkòkò, á nù ún gbẹ, á ku eérú yí ìdí rẹ̀ ká, á wá bu omi lásán sí i. Ibi tí eérú bá ti tutù, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Ẹ̀rọ. Wọ́n gbá ìfófó dànù, wọ́n ṣan inú rẹ̀ títí tí kò fi hó mọ́, wọ́n nu ilẹ̀, wọ́n ku eérú yí i ká. Màmá ní kó gba omi, omi nìkan. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀.

Eérú ẹ̀yìn gbẹ, páìpù ò jẹ̀bi. Eérú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbẹ, ilẹ̀ ò dagun. Ti iwájú náà gbẹ. Omi ò dalẹ̀ rí.

Ìyá Ìpetu gbójú sókè, ojú rẹ̀ bá ike ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú lórí tábìlì. Ẹnu tún yà á, èyí sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ọmọ mi," ó ní, "kò sí ibi tó ń jò. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀kúnwọ́ kẹta. Ẹ̀rọ ń retí ìgbà tó máa kan òun. Ó retí títí. Màmá sọ ti ọṣẹ, ó sọ ti àìgbọràn ara rẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Kò sọ pé Ẹ̀rọ ló bẹ òun.

Háà. Ẹ̀rọ ya ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ó rọra gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè, ó pa ẹnu dé. Nígbà tó yá, Mosúnmọ́lá yọ Rọ́bà nínú ọ̀rá, ó fi yí ẹnu náà ká, ó ní kí Ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ìfọbọ́ ti ń pa ẹnu dé kó tó ṣiṣẹ́, tí rọ́bà sì ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i lẹ́nu iṣẹ́, á dákẹ́ lójijì, á máa wò yín. Ọṣẹ tó ń hó di ti Kànìnkànìn títí dòní.

Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi etí lé e lára. Ẹ máa gbọ́ tó ń kùn nínú, hùn-ùn, hùn-ùn. Ìyá Ìpetu ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé, màmá, èmi ni mo bẹ̀ yín, èmi ni. Kò tíì sọ ọ́ tán.