Ẹsẹ̀ Tí Pẹ́pẹ́yẹ Fi Pamọ́

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́ o. Ṣé oorun ti ń kùn yín ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ o, Ìyá Àgbà!

Ẹ̀hẹ́ẹ̀n. Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà Pẹ́pẹ́yẹ, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin. Àsúnlé, má wulẹ̀ fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Mo ti rí i pé sílípáàsì àbúrò rẹ lo wọ̀, gìgísẹ̀ rẹ sì ti yọ síta. Jókòó, kí o gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹyẹ jọ ń gbé abúlé kan náà, ọ̀dá dá. Odò gbẹ, kànga gbẹ. Omi kan ṣoṣo tó kù wà lẹ́yìn àpáta ńlá kan. Oòrùn ti yan àpáta náà títí, kò sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ lásán gba orí rẹ̀ kọjá.

— Ṣé àwọn ẹyẹ ò lè fò kọjá ni, Ìyá Àgbà?

Fádèyí, ṣé ìwọ lò ń pa àlọ́ ni àbí èmi? Àwọn tó lè fò ti ń fò lọ. Adìyẹ ńkọ́? Tòlótòló ńkọ́? Pẹ́pẹ́yẹ tó sanra, tó tún lọ́mọ wẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́?

— Wọn ò lè fò jìnnà.

Ó dáa, jẹ́ kí n máa bá tèmi lọ.

Aránbàtà kan wà ní abúlé náà, èèyàn bíi tiwa ni, Ọlọ́nàdé lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun yóò rán sálúbàtà fún gbogbo ìyá tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ kọjá. Bó ṣe ń wọn ẹsẹ̀ rèé: yóò po amọ̀ tútù síwájú ilé, oníkálukú á tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i, á fa ìyẹ́ ara rẹ̀ kan tu, á fi gún ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí aránbàtà lè mọ ẹni tó ni ín. Bí gbogbo wọn bá lọ tán, Ọlọ́nàdé á jáde wá gé awọ tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀.

Ó kan Pẹ́pẹ́yẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, kó tẹ̀ ẹ́ báyìí, Adìyẹ bú sẹ́rìn-ín.

"Yéè! Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo nǹkan! Ẹsẹ̀ rèé àbí abẹ̀bẹ̀?"

Tòlótòló ní, "Awọ ò ní kù fún ẹlòmíì o!"

Ojú ti Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì dùn ún wọra. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bẹ Ẹyẹlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ fò lọ, tó wá dágbére fún un.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ tìrẹ kéré, ó pupa, ó wu èèyàn. Jọ̀ọ́, bá mi tẹ amọ̀."

Ẹyẹlé ní, "Mo lè bá ọ tẹ̀ ẹ́ o. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n óò bá ọ wọ bàtà."

"Ṣáà tẹ̀ ẹ́ ná."

Ẹyẹlé tẹ̀ ẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, ó fi gún ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

— Háà! Ó ti tán!

Ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Ọlọ́nàdé kó sálúbàtà síta. Ti Pẹ́pẹ́yẹ kéré, ó rẹwà, ó wuyì ju gbogbo wọn lọ. Adìyẹ gan-an yìn ín. Pẹ́pẹ́yẹ fi í há abẹ́ apá, ó ní ìgbà tí àwọn bá dé ìdí àpáta lòun yóò wọ̀ ọ́.

Wọ́n dé ibẹ̀. Oníkálukú pọn ọmọ, wọ́n wọ bàtà, wọ́n gbéra. Pẹ́pẹ́yẹ náà kó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ìka kan ṣoṣo ló wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpáta, yéè! Ó jó o. Ó gbé ìkejì, okùn bàtà gé e láàárín ọmọ ìka. Bó ṣe ta sókè báyìí, àwọn ọmọ yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbì!

— Sórí àpáta?

Sórí iyanrìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Orí ló yọ wọ́n. Ó ké sí àwọn tó wà níwájú, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró lórí iná gbọ́ ẹjọ́? Wọ́n ti lọ.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ní, "Ìyá mi, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Pẹ́pẹ́yẹ sunkún. Ó kó wọn padà sọ́dọ̀ Ọlọ́nàdé, ó ń kọrin lọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ọlọ́nàdé, wá wo ẹsẹ̀ mi o,
— Tẹ amọ̀, tẹ amọ̀.
Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ ni mo yá lò,
— Tẹ amọ̀, tẹ amọ̀.
Àpáta gbóná, ọmọ ń ké omi,
— Tẹ amọ̀, tẹ amọ̀.

Ó bá Ọlọ́nàdé níbi tó ti ń di ẹrù. Aránbàtà ní, "Ìyá ọlọ́mọ, kí ló dé? Bí mo ṣe rí i lára amọ̀ ni mo ṣe rán an."

"Baba, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ Ẹyẹlé lẹ rán bàtà fún. Tèmi fẹ̀, ojú tì mí."

"Bàtà mọ̀ pé ojú ń ti èèyàn ni?"

Amọ̀ ti gbẹ, awọ ti tán. Ọlọ́nàdé wo àwọn ọmọ náà, ó tú awọ tó máa ń tẹ́ sórí itan bó bá ń ṣiṣẹ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Dúró lé e. Má ká ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́. Yà á dáadáa."

Pẹ́pẹ́yẹ ya ẹsẹ̀ rẹ̀ tán pátá. Ọlọ́nàdé ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀bẹ tẹ̀lé e yíká, ó so okùn mọ́ ọn. Pẹ́pẹ́yẹ wọ̀ ọ́, ó ṣe wẹ́kú. Kò fún un, kò ta á, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà nílé. Ó mí kanlẹ̀.

Ó padà dé ìdí àpáta, ó kó ọmọ sẹ́yìn. Ìyẹ́ rẹ̀ ń yọ̀, ni àbíkẹ́yìn bá tún já bọ́! Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló bọ́ sí. Ìyá ti la ẹnu láti ké.

Ọmọ ní, "Ìyá mi, àyè wà níbí o!"

— Lórí ẹsẹ̀?

Lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn! Méjì jókòó sí ọ̀tún, méjì sí òsì. Pẹ́pẹ́yẹ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà bọ́, títí wọ́n fi dé etí omi. Adìyẹ wo ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì wo tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí Pẹ́pẹ́yẹ fi ń rìn bẹ́ẹ̀ dòní. Àwọn ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbàgbé wọn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún ọ ni kí o wá bàtà fún. Má wá ẹsẹ̀ fún bàtà. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ pamọ́, ìyà rẹ̀ lè kan ọmọ rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi bọ́ bàtà sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí okùn sílípáàsì mi já lọ́nà oko. Bí n ò bá parọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta: pà! pà! pà!

Àsúnlé, níbo lò ń lọ?

— Mo fẹ́ lọ dá sílípáàsì àbúrò mi padà ni, Ìyá Àgbà.

Máa lọ, ọmọ mi. Lọ́la a ó jọ lọ sọ́dọ̀ aránbàtà, kí ó wo ẹsẹ̀ tìrẹ.