Irùngbọ̀n Ọba Inú Fíìmù
Mo ti rìn dé Kùmásí, àmọ́ Ìgbẹ́tì ni mo ti rí obìnrin tó gbọ́n ju ọ̀gá ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá ni Móradékẹ́ fi ń ṣe ìyàwó tó ń sunkún nínú fíìmù Ọ̀gá Látúnjí, ló bá ní òun fẹ́ ṣe ọba. Ọ̀gá ní, "Ẹni tí irùngbọ̀n bá hù lágbọ̀n ẹ̀ nìkan ló máa jọba níbí." Móradékẹ́ ní, "Ṣé gbogbo yín gbọ́?" Ó fa irùngbọ̀n ọkùnrin tó dé adé, gọ́ọ̀mù ṣí, irùngbọ̀n bọ́ sí i lọ́wọ́. Ló bá gbé òbúkọ mi tí wọ́n háyà fún fíìmù náà sórí ìjókòó ọba, ó kúnlẹ̀. Ta ló di òbúkọ mú? Èmi ni! Móradékẹ́ ní, "Ọ̀gá, irùngbọ̀n tiẹ̀ hù fúnra ẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí." Òbúkọ ké. Ọ̀gá pariwo, "Ẹ gbé e kúrò! Ẹ mú gọ́ọ̀mù wá fún Móradékẹ́!"