Bí Tábítà Àwẹ̀ró Ṣe Kọ Ilà Ọba fún Ọmọ Aláìnílé ní Gbárúwa

Ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, bí wọ́n bá ti kó ọkà bàbà wọlé tán, ìbẹ̀rù a sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú Gbárúwa. Òdìkejì odò Ọya ni ìlú náà wà, ìrìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sí Abẹ́òkúta, èdè wọn kì í sì í ṣe èdè wa. Àwọn ẹlẹ́ṣin láti apá òkè a dé, wọn a tò yí odi ká, wọn a ní kí wọ́n mú ọmọdé mẹ́wàá jáde. Bí mẹ́wàá bá pé, wọn a lọ. Bí ó bá dín ẹyọ kan, wọn a tiná bọ ìlú. Gbárúwa kò bá wọn jà rí, nítorí kì í ṣe ọmọ tiwọn ni wọ́n ń fà sílẹ̀. Agbo ilé márùn-ún ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ilà ojú tirẹ̀, àwọn tó tẹ ìlú dó sì ti mulẹ̀ pé ẹni tó bá fi ọmọ tó ní ilà agbo ilé kan lé ọ̀tá lọ́wọ́, ilẹ̀ ni yóò pa á. Bí ẹ̀jẹ̀ ilà bá ti gbẹ lójú ọmọ, ó di ọmọ ilé nìyẹn, kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tó ti wá mọ́. Àwọn tí kò ní ilà ni wọ́n ń kó fún ẹlẹ́ṣin: ọmọ òrukàn, ọmọ àlejò tó kú sọ́nà, ọmọ tí ìyàn lé wá láti ibòmíràn.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Tábítà Àwẹ̀ró ń tọ́. Ọmọ Ìgbèìn ní Abẹ́òkúta ni, Àwẹ̀ró ọmọ olóòlà, ọmọ abẹ tó mú ju ahọ́n ẹlẹ́jọ́ lọ, obìnrin gíga bí ọ̀pẹ tó dá dúró lóko. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gba Jésù, ó da gbogbo abẹ rẹ̀ sódò Ògùn, ó ní igbe àwọn ọmọ ọwọ́ tí òun ti kọ ilà fún kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Tábítà lára. Nígbà tí ìjọ rán an lọ sí Gbárúwa, ìwàásù tó kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run ti dá ojú ọmọ pé, kò yẹ kí a fi abẹ tún un ṣe. Obìnrin mẹ́ta péré ló gbà á gbọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bímọ, wọn kò sì kọ ilà fún wọn.

Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ojúmọ́ bá mọ́, wọn a kúnlẹ̀ gbàdúrà, wọn a mu ògì ọkà bàbà, wọn a jókòó sórí ẹní ka A, B, D. Ní ọ̀sán Tábítà a fi omi gbígbóná wẹ egbò ẹsẹ̀ wọn. Ní Sátidé ó máa ń fá orí wọn nítorí iná orí. Ìyá Dámà, arúgbó ará ìlú tó ń bá a dáná, kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Aya Jésù,” ni yóò wí, “ọkọ rẹ mà ti pẹ́ lájò o! Ọdún kẹta rèé, a ò gbúròó bàtà rẹ̀.”

“Ó wà níbí, Ìyá. Ọbẹ̀ yín tí kò níyọ̀ ni kò jẹ́ kó jókòó jẹun.”

Ọba ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní Kúrà, ló fún un nílẹ̀. Bí wọ́n bá rí ọmọ òrukàn níbikíbi, òun ni yóò ní kí wọ́n gbé e lọ fún àlejò obìnrin, yóò sì fi ọkà tẹ̀ lé e. Tábítà kọ̀wé sílé pé Ọlọ́run ti rọ ọkàn ọba.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìkórè, ìròyìn dé pé eruku ẹṣin ti sọ lápá òkè, pé wọn yóò wọlé ní ọjọ́ kejì. Ìyá Dámà gbé ìkòkò kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Àwẹ̀ró, ewúrẹ́ tí a fẹ́ tà la ti ń bọ́. Mẹ́wàá ni wọn yóò gbà.”

“Mẹ́sàn-án ló wà níbí.”

“Mo mọ̀. Ọmọ ọmọ mi ni wọn yóò fi kún un. Èyí tí o ní kí ìyá rẹ̀ má kọ ilà fún.”

“Ká ní mẹ́wàá pé lọ́dọ̀ mi ńkọ́, Ìyá?”

“Ṣé kí n purọ́ fún ọ? Ǹ bá dákẹ́.”

Tábítà sáré lọ bá Kúrà. Ọba kò tilẹ̀ bínú. “Dárúkọ bàbá ẹyọ kan nínú wọn fún mi,” ni ó wí. “Tẹ́lẹ̀, ọjà méje la máa ń rìn ká tó rí mẹ́wàá ṣà jọ. Ìwọ ló bá wa kó wọn síbì kan, o tún fọ egbò wọn. A mà dúpẹ́ o.” Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Tábítà padà sílé, ó dojú bolẹ̀, ó gbàdúrà títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ohun tó ń rí ṣáá ni ìka bàbá rẹ̀, bí ó ti máa ń na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí abẹ tó kàn án. Ó dìde, ó mú abẹ tó fi ń fá orí àwọn ọmọ, ó sì ní kí wọ́n pe àwọn ìyá mẹ́ta náà wá pẹ̀lú ọmọ wọn.

Ilà ilé ọba ni ó kọ fún wọn, mẹ́fà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́fà ní tòsì. Ọmọ méjìlá. Ìyá Dámà fi orúnkún há orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó dàgbà rí ohun tó ń ṣe èkíní, wọ́n sá. Ó lé wọn mú, ó dè wọ́n lọ́wọ́. Yìndá, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni ó kàn gbẹ̀yìn. Ó ní, “Màmá, kí ni mo ṣe?” Tábítà na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó kọ ilà náà gún, ó sì fi èédú àti epo dí i.

Nígbà tí ẹlẹ́ṣin dé, àwọn ìránṣẹ́ ọba kò dúró wò wọ́n lójú, wọ́n fa àwọn ọmọ náà jáde síwájú ọba lẹ́nu ìlẹ̀kùn odi, ojú wọn wú bí ẹ̀kọ tó kún ewé. Ọ̀gá ẹlẹ́ṣin wo ọmọ, ó wo ọba, ó bú sẹ́rìn-ín. “Kúrà, ilà ojú rẹ rèé! Ọmọ bíbí inú rẹ lo fẹ́ kó fún mi? Ìfẹ́ yìí mà pọ̀ jù!”

Kò sí ìjòyè tó rẹ́rìn-ín. Tábítà bọ́ síwájú, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. “Kábíyèsí,” ni ó wí, “bí ẹ bá ní wọn kì í ṣe ọmọ yín, ẹ wí i sókè kí ìlú gbọ́. Ní ọdún mẹ́rin sí òní, ẹni tó bá ń wá ọmọ tí yóò fà sílẹ̀ yóò rántí pé ọba fúnra rẹ̀ ló ní ilà yìí kò jẹ́ nǹkan kan. Àwọn ọmọ ọmọ yín náà ní in lójú. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹ mu ṣì ń gbọ́, ẹ sọ ohun tí bàbá ń sọ.”

“Ọmọ mi ni wọ́n,” ni Kúrà wí, bí ẹni gbé eegun ẹja mì.

Ará ìlú fa àwọn ọmọ wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn odi mọ́ ẹlẹ́ṣin síta. Àwọn tí kò bá ẹlẹ́ṣin jà rí nígbà tó jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń lọ, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi jà. Ọkùnrin mọ́kànlélógójì kú lórí odi. Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn apẹja yọ́ jáde, wọ́n da oró tí wọ́n fi ń pa ẹja sínú adágún kan ṣoṣo tí àwọn ẹṣin ti ń mu omi. Ẹṣin kú lọ bẹẹrẹ. Ẹlẹ́ṣin di ẹlẹ́sẹ̀, Gbárúwa sì lé wọn bí ẹni ń lé ọ̀yà, wọn kò dá ẹni tó kúnlẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gun ẹṣin wá béèrè ọmọ níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ilà Yìndá ti kẹ̀. Eyín rẹ̀ pa dé, ẹ̀yìn rẹ̀ gan bí ọrun, kò lè gbé omi mì. Ó kú ní ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun. Tábítà ló fúnra rẹ̀ gbẹ́ sàréè náà. Ibẹ̀ ni Kúrà ti wá bá a.

“Àlejò, o gbà wá là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ilà ọba láìgbàṣẹ, àtàǹpàkò ọwọ́ tó fi kọ ọ́ ni yóò fi lélẹ̀. Òfin kò mọ olóore.”

“Mo mọ òfin náà kí n tó mú abẹ, Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bo ọmọ yìí tán.”

Ó bò ó tán, ó fọ ọwọ́, ó tẹ́ ẹ sórí ìdí odó. Wọ́n gé àtàǹpàkò náà. Nígbà tí ìròyìn dé Abẹ́òkúta, ìjọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé òṣìṣẹ́, wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé ó ti ta ẹ̀jẹ̀ ọmọdé sílẹ̀ bí kèfèrí. Lẹ́tà náà ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ mọ́kànlá tó kù ní ìwé kíkà, nítorí bébà wọ́n lọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó tún lò láàrin wọn, kò sì padà wálé mọ́.

Wọn kì í kọ ilà ní Gbárúwa mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n bí ọkà tuntun bá wọlé, gbogbo ọmọ tí kò lẹ́nìkan tó bá wọ ìlú láàrin ọdún náà ni wọ́n ń mú lọ sáàfin. Obìnrin kan a ká àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, a fi ìka mẹ́rin tó kù fa ẹfun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, mẹ́fà ní ọ̀tún, mẹ́fà ní òsì. Ọba a dìde, a sọ ọ́ sókè pé ọmọ òun ni. Ọba tí kò bá tíì sọ ọ́ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọkà náà, ìbáà pa á lébi kú.