Òkété Ṣe Ọkọ Ìyàwó Nínú Eré

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun yó ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ò!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó yà sábẹ́ igi ọ̀pẹ, ó wọ inú ihò Òkété lọ.

Òkété yìí, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ìyá ti darúgbó, eyín ti ká tán lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbé e jáde mọ́. Ọdún náà, oúnjẹ wọ́n. Iṣu tuntun ò tíì jáde, ti èṣí ti tán. Ẹyìn tí Òkété ń rí ṣà, ó le jù fún ìyá. Ojoojúmọ́ ni ìyá ń gbẹ sí i, síbẹ̀ ó ń kìlọ̀ pé, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí ará ìta mọ̀ pé ebi wà nílé wa o."

Ẹgbẹ́ eléré kan wà nínú ìlú. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun o. Bí kálukú bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á pàdé lábẹ́ igi àràbà, wọ́n á máa kọ́ eré, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹtu ni olórí wọn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ bó bá di ti eré, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Àwọn mìíràn lè fi amọ̀ ṣe oúnjẹ nínú eré. Ìyá Ẹtu kọ̀. Ó ní bí a bá ní ẹnì kan ń jẹun, kó jẹun, kí òórùn oúnjẹ kan àwọn òǹwòran nímú.

Eré ìgbéyàwó ni wọ́n ń kọ́ lọ́dún náà. Àwọn àna á gbé àkàrà gbígbóná síwájú ọkọ ìyàwó. Á jẹ ẹ́ tán, á dọ̀bálẹ̀, á fi orin tọrọ ìyàwó.

Òkété gbọ́ "àkàrà," etí rẹ̀ nà ró. Àkàrà! Ohun tí ẹnu tí kò léyín lè jẹ! Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé abẹ́ àràbà.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ẹtu. Mo fẹ́ máa bá yín ṣeré."

"Ìwọ Òkété? O ti ṣeré rí?"

"Háà, Ìyá! Lókè odò lọ́hùn-ún, èmi ni wọ́n máa ń fi ṣe ọkọ ìyàwó."

Irọ́ ni o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò dé òkè odò rí!

Ṣùgbọ́n Ọ̀bọ ni wọ́n ti fi ṣe ọkọ ìyàwó. Òkété bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, àánú yín ń ṣe mí."

"Kí ló dé?"

"Irú yín, arẹwà ọkùnrin, ni wọ́n ní kó máa fàyà gbálẹ̀ níwájú gbogbo ìlú? Bàbá ìyàwó ńkọ́? Orí àga ló jókòó sí. Ó dé fìlà. Àfi bó bá ní kí ọkọ dìde ni ọkọ tó lè dìde."

Ọ̀bọ họ orí. "Bí kò bá wá ní kó dìde ńkọ́?"

"Ó dọwọ́ ẹ̀yin náà!"

"Gba ọkọ ìyàwó rẹ! Èmi ni n ó ṣe bàbá ìyàwó. Fìlà dà?"

Bí Òkété ṣe rí àyè nìyẹn. Ìyá Ẹtu kọ́ ọ lórin. Ó yá, ẹ gbè é, ẹ̀yin lará ìlú:

Bàbá àna, mo wólẹ̀ o—
*Rọra, ọmọ, rọra.*
Ìyá àna, mo wólẹ̀ o—
*Rọra, ọmọ, rọra.*
Ìyàwó mi ló wà nílé—
*Rọra, ọmọ, rọra.*
Ẹ ní kó jáde wá bá mi—
*Rọra, ọmọ, rọra.*

Ẹ ṣeun, ohùn yín dùn.

Àkàrà nìkan ló gbé Òkété dé ibẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, ó rí i pé òun ń sáré bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ehoro tó ń ṣe ìyàwó á rí i lókèèrè, á ní, "Olówó orí mi dé!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Òkété ò ní ọ̀rẹ́ rí. Ó wá ní. Ẹ̀rù sì wá ń bà á, torí ó mọ irọ́ tí òun pa, ó sì mọ ohun tí òun fẹ́ fi àkàrà wọn ṣe.

Ọjọ́ eré pé. Gbogbo ìlú jókòó pitimu. Wọ́n gbé àkàrà dé, ó ń rú èéfín. Òkété sọ ọ̀kan sẹ́nu, ó ń mi ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń jẹun. Kò gbé e mì o! Ó tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó mú òmíràn, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọ̀tún, òsì. Ọ̀tún, òsì. Orí rẹ̀ wá tóbi ju ikùn rẹ̀ lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀. Orin kàn.

"Mmú-mú àmú, mmú mmú-mmù ò—"

Ọ̀bọ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga. "N ò gbọ́ o! Ọkọ ìyàwó, ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ nílé yín nìyẹn?"

"Mmú-mú àmú—"

"Dọ̀bálẹ̀ dáadáa! Àyà rẹ ò tíì kan ilẹ̀!"

Òógùn bo Òkété. Bó bá gbé àkàrà mì, orin á jáde, ìyá á sì fi ebi sùn. Bí kò bá gbé e mì, eré bàjẹ́, Ehoro á wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé títí. Ó gbìyànjú kó gbé e mì. Ojú ìyá rẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó tún tì í padà sẹ́rẹ̀kẹ́.

"Àyà kò tíì kàn án!" ni Ọ̀bọ ń pariwo.

Òkété fi àyà lélẹ̀, gbì! Àkàrà tú jáde, pàràpàrà, ó yí lọ sẹ́sẹ̀ Ọ̀bọ.

Ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ẹ̀ ya. Àmọ́ Òkété ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣa àkàrà, ó ń fẹ́ yanrìn kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ìyá Ẹtu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ta lo ń kó o lọ fún?"

"Ìyá mi ni. Kò lè jẹ nǹkan líle mọ́. Ẹ má bínú. N ò dé òkè odò rí. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bọ, mo tàn yín ni."

Ọ̀bọ dìde. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò gbá a létí. Ó ṣí fìlà, ó da ìyókù àkàrà sínú rẹ̀. "Arẹwà ọkùnrin tí o pè mí ńkọ́? Ìyẹn náà, irọ́ ni?"

"Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa, a ti parí rẹ̀."

Ìyá Ẹtu bá ní, "Ìyàwó ò tíì jáde. Eré ò parí. Ẹ ká aṣọ ìkélé, ó di ilé Òkété."

Ni gbogbo ìlú bá tẹ̀lé wọn. Ìyá àgbà gbọ́ ìró ẹsẹ̀. "Ta ló ń jó lórí ilé mi?"

"Èmi ni, Ìyá mi. Mo mú àwọn àna wá."

"Àna wo? Ìwọ tí o ò tíì mọ etí wẹ̀!"

Wọ́n ṣe eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ihò. Òkété ń lé orin, ìyá ń gbè é láti inú ilẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí Ehoro jáde, ìyá náà rọra wọ́ jáde, ó jókòó láàárín wọn, ó jẹ àkàrà, ó jẹ ẹ́ yó.

Ó wá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ojú ọmọ rẹ̀. "Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ?"

Ó ti fà, ó rọ̀ bí àpò. Kò sì padà mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà, ohùn orin Òkété ò já geere mọ́. Ẹlòmíràn ló ń ṣe ọkọ ìyàwó. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹtu ní kó má kúrò nínú ẹgbẹ́, kó máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà gbé oúnjẹ eré fún àwọn arúgbó tí wọn ò lè jáde wá wòran.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, tí Òkété fi ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá rí i tó rí ẹyìn lójú ọ̀nà, kì í dúró jẹ ẹ́. Á kó o sẹ́nu, á sáré wọlé.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú tìì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí n kò bá fi irọ́ kún un, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹ̀rín yín.