Òpó Erin Lórí Ibojì Àwọn Akàn

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi já pàà létí òkun, ó dá lórí Erin àti àwọn akàn.

Erin fẹ́ kí iná máa tàn nínú igbó rẹ̀. Ló bá ń ri àwọn òpó gíga tí atẹ́gùn ń yí apá wọn láti mú iná mànàmáná wá, mọ́ inú òkun. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ri àkọ́kọ́ síbi tí àwọn akàn ti ń jẹ; wọ́n mú un mọ́ra. Ó ri èkejì sójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ yé ẹyin. Wọ́n fara dà á. Ó gbé ẹ̀kẹta dé orí yanrìn ìsàlẹ̀ òkun tí wọ́n sin àwọn baba ńlá wọn sí. Inú bí Yéyé Akàn, àgbà wọn, ó fi orin sẹ́nu:

Erin, gbé òpó rẹ kúrò o,
*Baba wa ń sùn!*
Má tẹ orí olórí mọ́lẹ̀ o,
*Baba wa ń sùn!*

Erin rẹ́rìn-ín. "Baba ta ni? Omi lásán ni mo rí."

Ó ri òpó náà. Ni gbogbo akàn bá ya bò ó, wọ́n ń wa yanrìn ìdí rẹ̀, wọ́n ń kọrin, títí òpó fi wó lulẹ̀ gbì!

Erin figbe ta: "Ṣebí à bá jọ sọ ọ́!"

"Ìgbà wo lo bi wá?" ni Yéyé Akàn wí.

Erin bá yíjú padà sí igbó rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, inú ṣì ń bí mi: ẹni tí kò kágò lẹ́nu ọ̀nà, kí ló ń bèèrè nígbà tí wọ́n lé e?