Ẹsẹ̀ Tí Ọdẹ́tọ́lá Kò Fún Ní Epo

Ohun-tó-ń-yí-kì-í-ṣàìgbóná, àti Ohun-tó-gbóná-tá-ò-tù-yóò-sá-fún-olówó-rẹ̀: àwọn awo méjì yìí ni wọ́n la ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ọdẹ́tọ́lá, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nílùú Ẹ̀pẹ́, nígbà tó ń fi omijé bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ òun fọwọ́ gba ọmọ, kó fẹ̀yìn pọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kó rúbọ. Ó rú u. Ẹ má tíì máa mi orí sí mi o, ẹ má tíì sọ pé ẹbọ fín nìyẹn. Ó rú u lóòótọ́, ibi tó gbé e sí ni ẹ máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù títí dòní, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ọmọdé nídìí Ifá.

Odù tó jáde lọ́jọ́ náà, mi ò ní pè é lásán. Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́tọ́lá bí. Mosúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀, Mosún ni wọ́n ń pè é. Lákúnlé apẹja ló fẹ́ ẹ, wọ́n sì ń gbé ní Ìgbólómi, abúlé kan tó wà láàárín ọ̀sà. Kò sí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ tí Mosún ní, ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Apá ń wa ọkọ̀, ìrora ń pọ̀ sí i. Ọmọ náà ti lọ kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Nígbà tí Mosún tún lóyún, Ọdẹ́tọ́lá búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ níṣojú òun. Ó kan ọkọ̀ kan tó dára, ó ra ẹ́ńjìnnì sí i. Àwọn olè ń tú ẹ́ńjìnnì ní èbúté, nítorí náà kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn létí omi. Ó ṣe tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó so ó mọ́ ìdí jíìpù rẹ̀. Bó bá ń lọ wo ọmọ rẹ̀, á fa ọkọ̀ náà dé èbúté, á ti tírélà wọ inú omi títí omi á fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á sì léfòó. Bó bá dé, á tún ti tírélà wọ omi, á fa ọkọ̀ gùn ún, ó di ilé.

Ìgbà náà ló tọ àwọn awo lọ. Wọ́n fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ní Mosún yóò gbọ́ ohùn ọmọ. Wọ́n ní: "Ẹsẹ̀ tó bá wọ omi, kó jẹ epo kó tó wọ ọ̀nà. Kì í ṣe ìta ẹsẹ̀ o, inú ẹsẹ̀ ni. Bí kò bá yé ọ, padà wá béèrè."

Ọdẹ́tọ́lá ní: "Èwo ló ṣòro níbẹ̀?" Ó dúpẹ́, ó dìde, ó lọ. Kò béèrè nǹkan kan.

Háà, ẹ wá wo epo nílé Ọdẹ́tọ́lá! Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan kò kúrò nínú jíìpù rẹ̀. Bó bá ti jáde nínú omi, á jókòó sílẹ̀, á fi epo pa àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí ìyẹn ló ń pè ní inú ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mosún, náà á pa á. Wọ́n kọ́ Lákúnlé, wọ́n kọ́ Mosún. Aboyún wá ń yọ̀ káàkiri ilé bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Ìyá Mosún fọ aṣọ ibùsùn títí ó fi sú u. Gbogbo ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹbí yẹn ló jẹ epo. Ẹsẹ̀ tírélà ló ń wọ omi jù gbogbo wọn lọ, kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe rí nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, nítorí àbúrò mi ń ṣe mẹkáníìkì. Àwọn ọmọ irin róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní béárìn. Gíríìsì ni wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó lè yí. Bí omi bá wọlé, gíríìsì á bàjẹ́, irin á máa họ irin, yóò gbóná, yóò pọ́n. Ẹni tó ń wakọ̀ níwájú kò ní mọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó wà lójú ọ̀nà èbúté, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe fọkanáísà. Ṣìfáwù lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà Ọdẹ́tọ́lá. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tírélà, ó fọwọ́ kan àárín rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ wàrà.

"Yéè! Bàbá Mosún, ẹsẹ̀ yín ń jóná o!"

Ọdẹ́tọ́lá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní: "Ẹsẹ̀ tèmi? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa á ni."

Ṣìfáwù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: "Ẹsẹ̀ tírélà ni mò ń wí, Bàbá. Omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n fọ̀ ọ́, kó jẹ gíríìsì. Kò lè ju wákàtí kan lọ."

Ẹ gbọ́ mi o! Ẹsẹ̀. Omi. Inú. Kó jẹ. Obìnrin tí kò mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí okùn ló ka gbogbo ẹbọ náà sílẹ̀ láàárín títì, tí kò fi ọ̀kan sílẹ̀! Ká ní èmi ló sọ ọ́ fún, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ fún un nínú erùpẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá ńkọ́? Ó ní: "Irin tó ń rìn lóòrùn, ṣé o fẹ́ kó tutù bí omi àmù ni? Iṣẹ́ lò ń wá. Afẹ́fẹ́ ni mo ní kó o fún mi."

Ṣìfáwù ní: "Ó dáa, Bàbá. Ẹ rọra máa sáré." Ọdẹ́tọ́lá wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn tí Lákúnlé pè lórí fóònù ní òwúrọ̀. Ó ní: "Bàbá, Mosún ti ń rọbí, omi ti bẹ́ o! Ẹ máa bọ̀!" Ọdẹ́tọ́lá ti múra sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Epo bẹntiróòlù wà nínú jíìpù, ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi. Ìyá Mosún gbé báàgì aṣọ ọmọ mọ́ àyà. Wọ́n jáde. Ọ̀nà dá. Inú Ọdẹ́tọ́lá dùn, ó ń kọrin.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà nígbà tí táyà kan yọ lápá ọ̀tún wọn. Táyà nìkan o! Kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀, kò sí ènìyàn nídìí rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó ń yí, ó ń sáré, ó bá wọn dọ́gba, ó sì yà wọ́n sílẹ̀.

Ìyá Mosún ní: "Ẹ̀n? Bàbá Mosún, táyà ta nìyẹn?"

Ọdẹ́tọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹni tó ni ín yóò sáré lónìí!"

Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìdí jíìpù wó gbàràgàdà. Irin gbá ọ̀dà mọ́lẹ̀, iná ń ṣẹ́ yọ lẹ́yìn wọn. Tírélà fì sọ́tùn-ún, ó fa jíìpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn jù sínú kòtò. Ó wá dúró. Ọdẹ́tọ́lá sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà tẹ́lẹ̀, èéfín ló ń rú níbẹ̀. Ó wo ibẹ̀, ó wo táyà tó ń sáré lọ ní ìsàlẹ̀, ó tún wo ibẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó ní: "Tèmi ni? Tèmi ni!" Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ẹ wá wò ó o! Ènìyàn ń fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò mọ̀!

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ṣìfáwù ni táyà náà ti ṣubú. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé jáàkì, ó gun òkè náà wá. Kò sọ pé "Ṣebí mo wí." Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tírélà, ó wò ó, ó dìde. Ó ní: "Bàbá, imú irin tó gbé ẹsẹ̀ náà ṣì dára díẹ̀. Béárìn ti jó di eérú. Àfi kí wọ́n lọ ra tuntun wá láàárín ìlú." Sípíà táyà wà lẹ́yìn jíìpù, Ọdẹ́tọ́lá gbé e wá. Ṣìfáwù mi orí. "Kì í ṣe táyà ló bàjẹ́, Bàbá."

Ọlọ́kadà kan bá wọn sáré lọ. Ọlọ́kadà lọ, kò tètè dé. Lákúnlé pè: "Bàbá, ẹ ti dé ibo?" Ọdẹ́tọ́lá ní: "A ti ń wọ èbúté." Irọ́ ni. Lákúnlé tún pè: "Bàbá, a kò rí yín!" Ó ní: "A ti dé." Irọ́ ni. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, Ọdẹ́tọ́lá kò lè gbé e. Ìyá Mosún ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní: "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ti yọ lọ́nà. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ àjẹ̀, ẹ máa bọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọdẹ́tọ́lá lára. Ó jókòó sílẹ̀ lójú títì.

Béárìn dé. Ṣìfáwù fi kẹrosíìnì fọ gbogbo ibẹ̀. Ó bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú àwọn ọmọ irin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́tọ́lá ti pariwo. "Ó ń jẹ epo!" Ó di orí mú. "Inú ẹsẹ̀! Yéè, inú ẹsẹ̀ ni wọ́n wí! Kí ló dé tí mi ò béèrè?" Ṣìfáwù kò mọ ohun tó ń sọ. Ó dè é, ó fún nọ́ọ̀tì pọ̀, ó ní: "Ẹ máa lọ, Bàbá, ẹ máa lọ!"

Bí wọ́n ti dé èbúté ni ọkọ̀ àjẹ̀ náà ń gúnlẹ̀. Lákúnlé ló ń wà á, ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mosún wà nílẹ̀ ọkọ̀, ó la ojú sílẹ̀. Ọmọ kan wà láyà rẹ̀, ó ń ké. Ìyá Mosún ké pe Olódùmarè, ó ń jó nínú omi. Ọdẹ́tọ́lá kúnlẹ̀.

Nígbà náà ni ó wo ìyá agbẹ̀bí tó bá wọn wá láti Ìgbólómi, tó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Aṣọ wà ní itan rẹ̀, ó ká a pọ̀. Aṣọ náà kò mira.

Ọdẹ́tọ́lá ní: "Kí nìyẹn, Ìyá?"

Ìyá agbẹ̀bí ní: "Méjì ni wọ́n, Ọdẹ́tọ́lá. Kò sí ẹni tó mọ̀. Èyí ló kọ́kọ́ jáde, láàárín ọ̀sà. Ó ń wá èémí, mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ilé ìwòsàn ì bá rí nǹkan ṣe sí i."

Ìyá Mosún dúró sójú kan nínú omi, apá rẹ̀ ṣì wà lókè. Ẹ̀yin mọ ọ̀rọ̀ tí a kì í lò fún ìbejì, èmi náà kò ní lò ó.

Ọdẹ́tọ́lá padà lọ bá àwọn awo náà. Ó fi ẹsẹ̀ hàn wọ́n, ó ní: "Mo rúbọ, ẹ wò ó." Wọ́n wo epo lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sorí kọ́. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní: "A wí fún ọ kó o padà wá. O gbọ́ ẹbọ, o kò gbọ́ àlàyé." Kò sí ẹni tó bá a wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rú u bó ṣe tọ́. Bí tírélà bá ti jáde nínú omi, Ṣìfáwù á tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, á fún un ní gíríìsì, á fún nọ́ọ̀tì pọ̀. Ọdẹ́tọ́lá kì í jiyàn mọ́. Ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún gbogbo Ìgbólómi. Ó ti gbé ìyá mọ́kànlá lọ sí ilé ìwòsàn, ìyá mọ́kànlá ló padà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ẹbọ ń gbeni. Ọ̀rọ̀ awo ṣẹ, Mosún gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá rúbọ, kó béèrè ibi tí yóò gbé e sí. Ẹni tó bá sì kìlọ̀ fún yín lójú ọ̀nà, ẹ má wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹnu ẹnikẹ́ni ni Ifá lè gbà fọhùn.

Ọmọ náà ti ń sáré báyìí. Bí àlejò bá wọlé tó bi í léèrè orúkọ, á ní Kẹ́hìndé lòun. Àlejò á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á wo ẹnu ọ̀nà, á ní: "Táíwò dà?" Mosún kì í dáhùn. Lákúnlé kì í dáhùn. Ọdẹ́tọ́lá ló máa ń dáhùn láti orí àga tó wà ní kọ̀rọ̀. Á ní: "Ẹ má bi ọmọ yẹn. Kì í ṣe òun ló kẹ́yìn dé. Èmi ni."